Ìṣirò Abóyadé àti Ìlú Èjìgbò

Nínú irú ìwé báyìí a sábà máa ń ka ìtàn ọba àti ìtàn ogun, a sì máa ń ka ìtàn àwọn tí ó tẹ ìlú dó. Lónìí, ẹ jẹ́ kí n mú ìtàn iṣẹ́ kan wá, iṣẹ́ tí kò ní ìlù, tí kò ní oríkì, tí ọ̀pọ̀ ará ilé wa kò tilẹ̀ mọ orúkọ tí wọn ì bá pè é. Iṣẹ́ náà ni ti àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀-ajé tí wọ́n ń wá ẹ̀rí kí ìjọba tó ná owó: àwọn tí ń ka orí, tí ń wọn oko, tí ń bi ìyá ọlọ́mọ léèrè iye ọmọ tí ó bí àti iye tí ó yè, tí wọ́n sì ń mú èsì rẹ̀ tọ àwọn aláṣẹ lọ. Ọmọ Èjìgbò ni mí, iṣẹ́ yìí ni mo sì ń kọ́. Nígbà tí mo sọ fún bàbá àgbà kan ní agboolé wa pé ohun tí mo ń kọ́ ní yunifásítì nìyí, ó wò mí títí, ó ní, "Ṣé agbowó-orí ni ìwọ yóò jẹ́ ni?" Mo ní, "Rárá o, bàbá." Ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá ń ka ènìyàn ní ilẹ̀ yìí, a máa ń fẹ́ mọ ẹni tí ó rán an."

Ọ̀rọ̀ bàbá ní ìdí. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Kì í ṣe pé àwọn baba wa kò mọ ìṣirò. Àwọn tí wọ́n ń sín owó ẹyọ ní ogójì ogójì sórí okùn, tí àádọ́ta okùn ń di ẹgbàá lọ́wọ́ wọn, tí ẹgbàá mẹ́wàá sì ń di ọ̀kẹ́ kan, a kò lè wí pé wọn kò mọ iye. Ohun tí wọn kò fẹ́ ni kí àlejò dúró sí ẹnu ọ̀nà kí ó máa ka ọmọ ẹni. Nígbà tí òyìnbó dé, ìbẹ̀rù náà rí ẹsẹ̀ tẹlẹ̀, nítorí pé bí wọ́n bá ti ka orí tán, owó-orí ni ó ń tẹ̀lé e. Owó-orí yìí àti iṣẹ́ àfipáṣe wà lára ohun tí ó fa Ogun Àdùbí ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá ní 1918. Láti ìgbà náà ni ìwé orúkọ àti ìwé owó-orí ti di ọ̀kan náà lójú ará oko, kò sì tíì kúrò bẹ́ẹ̀ tán.

Nínú gbogbo àwọn tí ó gbìyànjú láti sọ kíkà di ohun mìíràn, Òjẹ́túnjí Abóyadé ni mo fẹ́ mú ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ọmọ ìtòsí wa ni. Àwẹ́, lẹ́bàá Ọ̀yọ́, ni a ti bí i ní 1931. Ó kàwé ní Hull ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Cambridge. Lẹ́yìn náà ó padà wá, ó ń kọ́ni ní yunifásítì Ìbàdàn. Ní 1966 ó tẹ ìwé kan jáde tí ó pè ní Foundations of an African Economy, nínú èyí tí ó yẹ bí a ti ń fi owó dá okòwò sílẹ̀ ní Nàìjíríà àti èrè tí ó ń ti ibẹ̀ wá wò fínnífínní. Nígbà tí ogun abẹ́lé ń lọ lọ́wọ́, ìjọba àpapọ̀ pè é sí Èkó láti wá darí àwọn tí ń ṣe ètò ìdàgbàsókè, òun sì wà lára àwọn tí ó gbé ètò 1970 sí 1974 kalẹ̀. Ní 1975 ó di ọ̀gá àgbà yunifásítì Ifẹ̀, ó sì wà níbẹ̀ títí di 1978. Ó di olóògbé ní 1994. Ẹni tí ó bá ka ìtàn ayé rẹ̀ báyìí lè rò pé ọ̀nà náà tẹ́jú. Kò tẹ́jú o. Ìdí tí kò fi tẹ́jú ni mo fẹ́ sọ.

Nígbà tí Abóyadé bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ìwọ̀nba ni ohun tí ẹnikẹ́ni lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun mọ̀ nípa ọrọ̀ Nàìjíríà. Àwọn òyìnbó méjì kan, Prest àti Stewart, ti gbìyànjú láti ṣírò owó tí gbogbo ilẹ̀ náà ń pa ní ọdún 1950 sí 1951, ìwé wọn sì jáde ní 1953. Lẹ́yìn wọn ni Pius Okigbo, ọmọ Igbo, ṣe ti 1950 sí 1957, tí ìwé tirẹ̀ jáde ní 1962. Ní 1960, wọ́n mú ọ̀jọ̀gbọ́n kan tí ń jẹ́ Wolfgang Stolper wá láti Amẹ́ríkà kí ó wá ṣe olórí àwọn tí yóò ṣe ètò ìdàgbàsókè àkọ́kọ́ lẹ́yìn òmìnira, ètò ọdún mẹ́fà, 1962 sí 1968, tí iye rẹ̀ lé ní £676 mílíọ̀nù. Olókìkí ni ọkùnrin náà nínú ìmọ̀ yìí kí ó tó dé. Nígbà tí ó padà sílé tán, ó kọ ìwé lórí ohun tí ojú rẹ̀ rí, orúkọ tí ó sì sọ ìwé náà ní 1966 ni Planning Without Facts, èyí tí í ṣe pé a ń ṣètò láìní ẹ̀rí lọ́wọ́. Mo gbà pé kò sí ẹni tí ó tíì fún ìwé ní orúkọ tí ó bá ọ̀ràn wa mu tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ Èkó nìkan ni. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ tí ó wá sí kíláàsì kìíní ju ìlọ́po méjì iye tí wọ́n ń retí lọ. Ní 1954, ọmọ 456,600 ni ó wà ní gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn. Ní 1955, wọ́n di 811,432. Níbo ni àwọn ọmọ náà ti wá? Ilé ni wọ́n wà láti ọjọ́ yìí! Ìṣirò ìjọba ni kò rí wọn. Àwọn òbí tí kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ ti fi wọ́n pamọ́ fún agbowó-orí, ṣùgbọ́n nígbà tí ó di ti ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n kó wọn jáde. Ẹ̀rí ńlá ni èyí jẹ́ fún mi: bí ará ìlú bá rí ohun tí kíkà wà fún, wọn a jẹ́ kí a kà wọ́n.

Ti kòkó kò dùn tó bẹ́ẹ̀. Láti 1947, ọwọ́ ilé-iṣẹ́ ìjọba nìkan ni a ti ń ta kòkó sí òkè òkun, ilé-iṣẹ́ tí àwọn àgbẹ̀ ń pè ní Bọ́ọ̀dù. Ní 1954, ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn ní tirẹ̀. Bọ́ọ̀dù ni ó ń dá iye lé kòkó. Wọ́n ní àwọn yóò máa fi díẹ̀ pamọ́ nígbà tí ọjà bá dára, kí àwọn lè fi gbe àgbẹ̀ nígbà tí ọjà bá wọ́lẹ̀. Ọ̀mọ̀wé kan tí ń jẹ́ Helleiner ṣírò rẹ̀ nínú ìwé tí ó tẹ̀ ní 1966, ó sì rí i pé láti 1947 títí di 1962, ohun tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdámẹ́ta owó tí ì bá tẹ àgbẹ̀ kòkó lọ́wọ́ ni wọ́n dá dúró. A ó fi ọ̀rọ̀ ibi tí owó náà wọlé sí sílẹ̀ fún àwọn tí wọ́n ti ka ìwé Ìgbìmọ̀ Coker ti 1962.

Èjìgbò wà ní ẹ̀bá igbó, ibi tí ọ̀dàn ti bẹ̀rẹ̀. Iṣu, ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo ni ó gbajúmọ̀ jù lóko wa, kòkó kò sì pọ̀ bíi ti Oǹdó tàbí Ifẹ̀. Síbẹ̀ ọwọ́ kan náà ni ó ń gba owó-orí. Nígbà tí ó di 1968, tí owó kòkó kéré, tí ogun ń lọ, tí ìjọba sì tún fi kún owó-orí, àwọn àgbẹ̀ dìde. Àgbẹ́kọ̀yà ni. Ìjọba yan Adájọ́ Ayọ̀ọlá kí ó wá gbọ́ ẹjọ́ wọn, ìgbìmọ̀ náà sì gbọ́ tẹnu àwọn àgbẹ̀ àti ti àwọn ìjòyè, wọ́n sì dámọ̀ràn pé kí a dín ẹrù náà kù. Èyí ni ohun tí a lè pè ní ẹ̀rí lónìí: kí a jókòó, kí a bi ẹni tí ẹrù wà lórí rẹ̀ bí ó ti wúwo tó. Ṣùgbọ́n ẹ̀bùn tí ó bá pẹ́ jù a máa bà jẹ́ lọ́nà. Ní 1969 rògbòdìyàn náà tún gbiná; ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí kò jìnnà sí wa, wọ́n pa Sọ̀ún tí ó wà lórí oyè. Àwọn àgbẹ̀ ní ọ̀kẹ́ mẹ́fà péré, èyí tí í ṣe ọgbọ̀n ṣílè, ni àwọn yóò san. Nígbà tí Awólọ́wọ̀ lọ bá Tàfá Adéoyè sọ̀rọ̀ ní oṣù Kẹwàá ọdún náà, wọ́n fàbọ̀ sí £2. Èmi kò mọ ìṣirò kankan tí ó wọ́n ju èyí lọ, nítorí ẹ̀mí ènìyàn ni a fi rà á.

Ní ọdún 1970 sókè, àwọn ọ̀mọ̀wé wa bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ ara wọn wá ẹ̀rí ní ilẹ̀ Yorùbá. Ẹ jẹ́ kí n fi ẹyọ kan hàn yín, nítorí ó rọrùn láti lóye, kò sì gba ìwé ńlá. Ìlú méjì wà ní Èkìtì, Ìdó àti Ìsínbọ̀dé. Wọn kò jìnnà sí ara wọn, àṣà wọn bá ara mu, oúnjẹ wọn bá ara mu. Ṣùgbọ́n Ìdó ní ilé ìwòsàn, Ìsínbọ̀dé kò ní. Orubuloye àti Caldwell lọ sí ìlú méjèèjì, wọ́n bi àwọn ìyá léèrè iye ọmọ tí wọ́n bí àti iye tí ó kú, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1975. Ikú ọmọdé ní Ìdó kéré púpọ̀ sí ti Ìsínbọ̀dé. Ẹ kíyè sí ọgbọ́n tí ó wà níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé Ìdó nìkan ni wọ́n lọ, wọn ì bá rí i pé ọmọ ń yè, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ pé ilé ìwòsàn ni ó fà á? Ó lè jẹ́ omi, ó lè jẹ́ owó kòkó, ó lè jẹ́ ilé-ẹ̀kọ́. Ìlú kejì ni ó sọ ìtàn di ẹ̀rí. Ẹlẹ́nu ṣóńṣó lè tún bèèrè pé ṣé kì í ṣe nítorí pé Ìdó ti ní ohun kan tí Ìsínbọ̀dé kò ní ni ilé ìwòsàn fi lọ síbẹ̀. Ìbéèrè rere ni, òun gan-an sì ni àwọn onímọ̀ yìí ti ń bá jà láti ìgbà náà. Caldwell fúnra rẹ̀ tún fi iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní Ìbàdàn hàn ní 1979 pé ẹ̀kọ́ tí ìyá kọ́ wà lára ohun tí ó lágbára jù nínú ọ̀rọ̀ bóyá ọmọ yóò yè.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ Abóyadé, nítorí ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti kan Èjìgbò ni a dé yìí. Ní 1976 ìjọba ológun tún ìjọba ìbílẹ̀ ṣe jákèjádò ilẹ̀ Nàìjíríà, wọ́n sọ ọ́ di ipele kẹta, lẹ́yìn ìjọba àpapọ̀ àti ìpínlẹ̀. Ìbéèrè tí ó tẹ̀lé e ni pé, báwo ni a ó ti pín owó? Ní 1977 wọ́n yan ìgbìmọ̀ kan, wọ́n sì fi Abóyadé ṣe alága rẹ̀. Ìgbìmọ̀ náà ní kí ìjọba àpapọ̀ mú 57 nínú 100, kí àwọn ìpínlẹ̀ mú 30, kí ìjọba ìbílẹ̀ mú 10, kí a sì ya 3 sọ́tọ̀ fún ọ̀ràn pàtàkì. Lẹ́yìn èyí, wọ́n sọ bí àwọn ìpínlẹ̀ yóò ti pín tiwọn láàárín ara wọn. Ìdá 25 nínú 100 dúró lórí kí ọ̀nà ìdàgbàsókè ṣí sílẹ̀ bákan náà fún gbogbo wọn. 22 dúró lórí kí ohun kòṣeémáàní má ṣe rẹlẹ̀ ju òṣùwọ̀n kan lọ níbikíbi. 20 dúró lórí agbára tí ìpínlẹ̀ ní láti fi owó náà ṣe iṣẹ́ gidi. 18 dúró lórí bí ó ti ń sapá tó láti gba owó-orí tirẹ̀. 15 tí ó kù dúró lórí bí ó ti ń ṣọ́ owó ná.

Ẹ ó ha ti rí ohun tí kò sí níbẹ̀? Iye ènìyàn ni. Abóyadé kò fi orí ènìyàn ṣe òṣùwọ̀n tí ó dá dúró. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn ìkànìyàn ilẹ̀ wa kò ní bi í léèrè ìdí. Ní 1962 wọ́n ka ènìyàn, ìjà bẹ́ sílẹ̀, wọ́n fagi lé e. Ní 1963 wọ́n tún un kà, wọ́n rí 55.6 mílíọ̀nù, ẹjọ́ rẹ̀ kò sì tán lẹ́nu àwọn ènìyàn títí di òní. Ní 1973 wọ́n tún kà, èyí jáde sí nǹkan bí 80 mílíọ̀nù, ìjọba Múrítàlá Mùhámọ́ọ̀dù sì fagi lé òun náà ní 1975. Ọkùnrin tí ó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ sọ pé ẹ̀rí ni kí a fi ṣe ìjọba, báwo ni yóò ṣe fi ìṣirò tí òun fúnra rẹ̀ kò gbàgbọ́ pín owó ìlú? Ó wá àwọn òṣùwọ̀n mìíràn.

Àpéjọ tí ó ń ṣe ìwé òfin tuntun lẹ́yìn èyí kọ̀ ọ́. Wọ́n ní ìṣirò rẹ̀ ti jinlẹ̀ jù. Nígbà tí Alhaji Shehu Shagari di ààrẹ ní 1979, ó yan ìgbìmọ̀ mìíràn, ó sì fi Pius Okigbo yẹn, tí mo ti dárúkọ rẹ̀, ṣe alága. Iye ènìyàn padà wọlé: 40 nínú 100. Òfin 1981 gbà á bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà náà wọ́n ti ń yí i padà díẹ̀díẹ̀. Èyí tí ó ti ń ṣiṣẹ́ láti bí ọdún 1990 fi 30 fún iye ènìyàn, 40 fún kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ọgbọọgba, ìyókù sì wà fún ilẹ̀, fún ìgbé-ayé ará ìlú, àti fún owó tí wọ́n ń pa fúnra wọn.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti sọ pé àpéjọ náà ṣe òpè. Èmi kò lè sọ bẹ́ẹ̀ tán. Ìpínlẹ̀ tí ó bá ti lọ́rọ̀ tẹ́lẹ̀ ni ó rọrùn fún jù láti fi hàn pé òun lè ná owó sí iṣẹ́ gidi, àti pé òun ń gba owó-orí. Tálákà ni òṣùwọ̀n 20 àti 18 yẹn ì bá le mọ́. Ẹ̀wẹ̀, ta ni yóò ṣe àlàyé agbára ìnáwó ní ọjà Èjìgbò tí ìyá oníṣu yóò fi gbà? Ṣùgbọ́n bí mo bá rò ó síwá rò ó sẹ́yìn, ìpinnu rẹ̀ nípa orí ènìyàn tọ́, ìlú wa ni mo sì fi mọ̀.

Kò sí ará Ọ̀ṣun tí kò mọ̀ pé ọmọ Èjìgbò àti ti àwọn ìlú àyíká wa, Màṣìfà, Ifẹ́-Ọ̀dàn, Ìlawó, Ọlá àti àwọn mìíràn, kún Côte d'Ivoire fọ́fọ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó kọjá ni wọ́n ti ń lọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni a bí ní Àbíjàn, tí wọ́n ń sọ Faransé ju Gẹ̀ẹ́sì lọ, tí wọ́n sì ń sọ Yorùbá Èjìgbò tí kò ní àbùkù. Ọkọ̀ ń lọ tààrà láti Èjìgbò dé Àbíjàn. Ní ọjà wa, bí o bá na owó CFA sí ọlọ́jà, kò ní wò ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, yóò ti ṣe ìpààrọ̀ rẹ̀ lórí kí o tó pa ẹnu dé. Ẹ wo ilé àwọn adúláwọ̀ oníṣòwò wọ̀nyí bí wọ́n ti dúró gìrìwò, tí kọ́kọ́rọ́ wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, tí ó jẹ́ pé ìyá arúgbó kan àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni ó ń gbé yàrá mẹ́wàá.

Tí ọdún Ògìyán bá wá dé, ọdún ìjẹṣu, tí àwọn ará Òkè Màpó àti àwọn ará Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣọlọ̀ ń fi àtòrì na ara wọn, gbogbo ilé wọ̀nyí a ṣí. Bí o bá ka Èjìgbò lọ́jọ́ náà, o rí ìlú kan. Bí o bá kà á ní oṣù mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, o rí ìlú mìíràn. Oṣù Kẹta ọdún 2006 ni wọ́n ka ènìyàn kẹ́yìn ní Nàìjíríà, ẹni tí wọ́n bá bá nílé ni wọ́n sì ń kà. Iṣu tuntun kò tíì jáde. Wọ́n rí ènìyàn 132,641 ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ Èjìgbò. Ìṣirò yìí kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n ìdáhùn ni sí ìbéèrè kan, pé ta ni ó sùn níbẹ̀ ní alẹ́ náà. Kì í ṣe ìdáhùn sí ìbéèrè pé ta ni ilé-ẹ̀kọ́ ibẹ̀, omi ibẹ̀ àti ọ̀nà ibẹ̀ yóò gbà nígbà tí àjò kò bá dùn mọ́.

Àjò a sì máa ṣaláìdùn nígbà mìíràn. Ní oṣù Kọkànlá 1969, ìjọba Busia ní Gánà fún àwọn àjòjì tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n fi kúrò, àwọn ará wa láti Ògbómọ̀ṣọ́, Èjìgbò àti Ìgbòho sì kó ẹrù wálé láti Gánà àríwá, àwọn ẹlòmíràn láìní kọ́bọ̀. Ní oṣù Kìíní 1994 wọ́n gé owó CFA sí ìdajì: owó tí ẹni kan ti ń fi pamọ́ ní Àbíjàn láti fi parí ilé rẹ̀ ní Èjìgbò di ìdajì bí a bá fi owó ilẹ̀ Faransé wọ̀n ọ́, láàárín alẹ́ kan. Ìkànìyàn Côte d'Ivoire ní 1998 fi hàn pé nínú ènìyàn 100, 26 jẹ́ àjòjì. Nígbà tí ogun bẹ́ níbẹ̀ ní 2002, tí rògbòdìyàn ìdìbò sì tẹ̀lé e ní 2010 sí 2011, àwọn àjòjì wọ̀nyí mọ̀ ọ́n lára. Ìlú tí wọ́n fi iye 2006 pín owó fún ni ó gba àwọn tí ó sá wálé. Mo rò pé ẹ rí i nísinsìnyí ìdí tí mo fi sọ pé Abóyadé rí jìnnà. Kò ronú kan Èjìgbò, kò sì sí ìdí tí ó fi yẹ kí ó ronú kàn án; ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n rẹ̀ kejì, kí ohun kòṣeémáàní má ṣe rẹlẹ̀ ju ìwọ̀n kan lọ níbikíbi, ì bá bèèrè bóyá kànga wà ní Ìlawó, kì í ṣe iye ẹni tí ó sùn ní Ìlawó.

Owó tí ń wá láti Àbíjàn náà ní ìtàn tirẹ̀. Nígbà tí a bá ń ṣírò ọrọ̀ tí orílẹ̀-èdè kan ń pèsè láàárín ọdún kan, ohun tí a ṣe nínú ilẹ̀ náà ni a ń kà. Èrè tí ìyá kan jẹ ní ọjà Àbíjàn, inú ìwé Côte d'Ivoire ni ó wà, kódà bí ó bá fi gbogbo rẹ̀ kọ́lé ní Èjìgbò. Ìṣirò ti ilé wa pẹ̀lú a máa gbó. Ní oṣù Kẹrin 2014, àwọn oníṣirò ìjọba àpapọ̀ lábẹ́ Yẹmí Kale tún ọrọ̀ Nàìjíríà ṣírò, nítorí pé ìwọ̀n ọdún 1990 ni wọ́n ṣì ń lò, nígbà tí fóònù àti sinimá ilé kò tíì jẹ́ nǹkan. Bí wọ́n ti ṣe é tán, ọrọ̀ 2013 fò sókè ní 89 nínú 100, ó di $510 bílíọ̀nù, Nàìjíríà sì yọ síwájú Gúúsù Áfíríkà. Oúnjẹ tí ó wà nínú ìkòkò ẹnikẹ́ni ní Màṣìfà kò fi ìdérí kan pọ̀ sí i lọ́jọ́ náà.

Abóyadé ti bá ọ̀ràn yìí jà. Ní 1973, nígbà tí ó ń sọ ọ̀rọ̀ ìgbawọlé gẹ́gẹ́ bí ọ̀jọ̀gbọ́n ní Ìbàdàn, bí owó ti ń pín láàárín àwọn ènìyàn ni ó mú sọ. Ní 1975, níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ó ní ó yẹ kí a wá ìtumọ̀ òṣì tí a lè fi ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà. Ó dùn mọ́ mi pé ọmọ Àwẹ́ ni ó bèèrè rẹ̀, nítorí èdè wa ti mọ ìyàtọ̀ yìí tipẹ́: a mọ tálákà, a mọ òtòṣì, a mọ akúṣẹ̀ẹ́, a sì mọ ẹni tí kò ní ènìyàn, tí òun sì le ju gbogbo wọn lọ. Ìyá arúgbó tí ń gbé ilé yàrá mẹ́wàá, tí ọmọ rẹ̀ ní Àbíjàn kò tíì fi owó ránṣẹ́ láti oṣù mẹ́rin, inú ẹ̀wo ni a ó kọ orúkọ rẹ̀ sí? Bí a bá fi ilé wọ̀n ọ́n, ọlọ́rọ̀ ni. Bí a bá wo ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ yí padà.

Láyé ìsinsìnyí, ọgbọ́n Ìdó àti Ìsínbọ̀dé ti dàgbà. Ní 2011 ìjọba àpapọ̀ pe àwọn ọ̀dọ́ kí wọ́n mú ètò okòwò wá, ìdíje tí wọ́n pè ní YouWiN!, nǹkan bí 24,000 ènìyàn sì wá. Wọ́n yan 1,200 tí wọn yóò fún lówó. 480 ni wọ́n fi ìmọ̀ọ́ṣe yàn, ṣùgbọ́n 720 ni wọ́n fi kèké yàn láàárín àwọn tí ó kù. Ẹ má rẹ́rìn-ín! Nítorí kèké ni wọ́n fi yà wọ́n, àwọn tí ó rí gbà àti àwọn tí kò rí gbà rí bákan náà níbẹ̀rẹ̀, kò sí ẹni tí ó lè ní Ìdó ti dára tẹ́lẹ̀. David McKenzie tọ ipa wọn fún ọdún mẹ́ta, ó rí i pé owó náà mú iṣẹ́ tí ó lé ní 7,000 wá. Nígbà tí mo ka ìwé rẹ̀ tán, ẹni tí ó wá sí mi lọ́kàn ni ọmọ Èjìgbò tí ó gba irú owó bẹ́ẹ̀, tí ó sì lọ fi ṣí ìsọ̀ rẹ̀ sí Àbíjàn. Inú ìwé ta ni àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ yóò wà?

Wọ́n ti ṣètò láti tún ka ènìyàn ní Nàìjíríà ní 2023, wọ́n sì sún un síwájú. Ní tèmi, mo ti kọ ìwé ìbéèrè tí n ó fi bẹ̀rẹ̀ ní agboolé mẹ́ta, ọ̀kan ní Òkè Màpó, ọ̀kan ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣọlọ̀, ọ̀kan ní Ifẹ́-Ọ̀dàn. Ìbéèrè kìíní ni iye ẹni tí ó sùn nílé ní alẹ́ àná. Èkejì ni iye ẹni tí ó ní yàrá nínú ilé náà, níbikíbi tí ó lè wà. Ẹ̀kẹta ni iye ẹni tí yóò wálé bí ọ̀nà Àbíjàn bá dí lọ́la. Mo mú un lọ fi han bàbá àgbà yẹn. Ó ní ìbéèrè kẹta ni kí n kọ́kọ́ bi wọ́n, nítorí tí mo bá kọ́kọ́ bèèrè iye ẹni tí ó sùn nílé, wọn yóò ti rò pé owó-orí ni.